Láti Fort Lauderdale dé Baltimore: ẹ má fi ọjọ́ àríyá darí ọkọ̀

Ìbéèrè: "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọkọ̀ afẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan ní Fort Lauderdale. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 42, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rì wọ inú omi tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Baltimore ni mò ń gbé, èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ wà á wálé, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. A fẹ́ gbéra ní ìdajì oṣù karùn-ún, mo sì ti pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ síbi ìdúpẹ́ ọkọ̀ náà ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà. Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ tó? Ṣé òkun gbangba ni kí n gbà ni, àbí ọ̀nà inú? Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, omi kò ṣàjèjì sí mi."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire, ẹ ó lò ó pẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ kò tó. Kí ẹ tó ra okùn kan ṣoṣo sínú ọkọ̀ yẹn, ẹ pe àwọn tí ẹ ti pè síbi ìdúpẹ́, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó kéde ọjọ́ nígbà tí ẹ bá ti dé Norfolk. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn gbé ọkọ̀ láti èbúté kan dé òmíràn ní etíkun yìí. Nínú àwọn ìjàǹbá tí mo mọ ìdí wọn, ìjì kọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù, ọjọ́ tí ẹnì kan ti dá sílẹ̀ ni. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ilé ní Sátidé ni yóò jáde láàárọ̀ tí gbogbo àwọn yòókù wo ojú ọ̀run, tí wọ́n sì fi okùn kún okùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà inú tí à ń pè ní Intracoastal Waterway, ICW lẹ́nu àwa tí à ń tọ̀ ọ́, jẹ́ odò, ọ̀sà àti kánáàlì tí wọ́n so pọ̀, tó ń bá etí òkun Atlantic lọ. Norfolk ní Virginia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì rẹ̀, òdo wà níbẹ̀, Fort Lauderdale sì bọ́ sí nǹkan bíi máìlì 1,065. Máìlì orí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Máìlì òkun kan jẹ́ 1.15 máìlì ilẹ̀, nítorí náà ẹ má da méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò epo. Láti Norfolk, ẹ ṣì ní gbogbo Chesapeake Bay, omi ńlá tó wọ inú ilẹ̀ lọ sí àríwá, láti gòkè kí ẹ tó rí Baltimore. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó máìlì 1,250.

Tí ẹ bá ń rin máìlì mẹ́sàn-án ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, lórí ìwé ẹ ó máa rin máìlì 72. Lórí omi, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Afárá yóò dá yín dúró, ẹ ó sì dín eré kù níwájú ilé onílé, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ sí, àti ní gbogbo ibi tí Florida ti kọ ọ́ sára òpó pé ẹranko omi tí wọ́n ń pè ní manatee ń gbé. Ẹ kà á sí máìlì 55. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún nìyẹn dé Norfolk, ọjọ́ mẹ́rin sí i fún Chesapeake, ọjọ́ méje fún ìsinmi, afẹ́fẹ́ búburú àti ohun tó bá bàjẹ́ lọ́nà. Oṣù kan gbáko ni. Nítorí pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ yín, mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ olówó tuntun kì í ṣàìsọ ohun tó ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìdajì oṣù kẹrin ni kí ẹ gbéra, ẹ má dúró de oṣù karùn-ún. Ní ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ tútù tó ń sọ̀kalẹ̀ láti àríwá ti ń dín agbára kù, ààrá ọ̀sán ìgbà ooru kò sì tíì gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ti kúrò ní ìsàlẹ̀ kí àkókò ìjì líle tó wọlé, èyí tí wọ́n ń kà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà dé ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò mọ kàlẹ́ńdà yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fa ìlà kan sórí máàpù, wọn á ní tí ọkọ̀ yín bá ṣì wà ní gúúsù ìlà náà lẹ́yìn ọjọ́ báyìí, tí ìjì sì bà á jẹ́, owó yín kò ní pé tàbí kó má wá rárá. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tó ju èyí tó ti ń wà tẹ́lẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ mú atukọ̀ tó ní ìwé àṣẹ dání. Ẹ ka ìwé yín lálẹ́ òní, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré.

Lórí eré: ọkọ̀ yín lè sáré, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ má gbádùn rẹ̀ níbi tí omi bá ti fẹ̀, tó sì jìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó rẹ̀. Ká ní ẹ rọra ń rìn ní nọ́ọ̀tì méje ààbọ̀ (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan), tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì ń mu gálọ́ọ̀nù mẹ́fà ní wákàtí kan. Máìlì 1,250 yóò gba nǹkan bíi wákàtí 145, epo yóò sì sún mọ́ gálọ́ọ̀nù 870. Tí ẹ bá sá a ní nọ́ọ̀tì 18, tí ó ń mu 35, wákàtí yóò dín sí 60, epo yóò sì kọjá 2,100. Ẹ kò sì ní lè sá a jálẹ̀, torí ní orílẹ̀-èdè yìí, ìgbì tí ọkọ̀ yín bá dá sílẹ̀ tó sì ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ọrùn yín ló wà. Ẹ rọra. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó lọ́ra ju tiyín lọ, ẹ pè é lórí rédíò kí ẹ tó ṣe é, kí òun náà dín eré kù kí ẹ lè kọjá wẹ́rẹ́.

Ibi tí ọkàn mi wà jù ni Georgia. Ẹ ní Ìkòròdú ni wọ́n bí yín sí, mo sì mọ ohun tí ìyẹn ń sọ nípa ìgboyà yín lójú omi, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè sọ̀kalẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ní Georgia, omi lè fi ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́sàn-án gòkè láàárín wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀, kó sì tún fà padà. Ọ̀nà tí ẹ rí láàárọ̀ tó fẹ̀ bí ọ̀sà, lọ́sàn-án ẹ ó rí ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ẹyẹ sì ń rìn lórí rẹ̀. Òfin ní kí ọ̀nà náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 láti Norfolk dé Fort Pierce, kó sì jìn tó 10 láti ibẹ̀ dé Miami. US Army Corps of Engineers, ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ló ń gbẹ́ ẹ. Owó kì í fi gbogbo ìgbà tó láti gbẹ́ gbogbo rẹ̀, iyanrìn kò sì gbọ́ òfin. Bí ẹ ṣe ń lọ sókè láti Fernandina, ní ìpẹ̀kun àríwá Florida, ibi mẹ́ta ni kí ẹ fi pẹ́ńsù yí ká lórí máàpù: Jekyll Creek, Little Mud River, àti Hell Gate tó wà ní gúúsù Savannah.

Bí ẹ ó ṣe kọjá nìyí. Ẹ wá àkókò omi fífà àti omi kíkún fún ibi náà gan-an, ẹ má lo ti ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí omi bá fà tán ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ má dé ẹnu ibẹ̀ kí aago tó di méjìlá. Nígbà yẹn omi ti kún dé ìdajì, ó sì ṣì ń kún. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ gun ẹrẹ̀, ẹ ó pa gíà, ẹ ó mu omi tútù, láàárín wákàtí kan omi fúnra rẹ̀ á gbé yín sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun ẹrẹ̀ nígbà tí omi ń fà, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe mọ́: ọkọ̀ yóò jókòó, yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì lè tó wákàtí mẹ́wàá kó tó dìde. Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì jà láti jáde. Ẹrẹ̀ ni yóò fà wọ inú ọ̀nà omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ẹ̀rọ á gbóná, wàhálà kan á wá di méjì. Lójoojúmọ́ ni omi kíkún máa ń sún síwájú tó bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, nítorí náà àkókò tó bá yín mu lónìí lè má bá yín mu lọ́jọ́ kẹta, ó sì lè gba pé kí ẹ sùn síbì kan kí ẹ lè bá omi mu.

Ìlà aláwọ̀ pọ́pù tí ẹ ó rí lórí máàpù inú ẹ̀rọ, tó dà bíi pé ó ń sọ pé "ibí ni kí ẹ gbà," ẹ má tẹ̀ lé e bí ẹni tó di ojú. Ìmọ̀ràn ni. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi bá sọ àti àwọn òpó àmì tí ojú yín rí ló lágbára jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí òpó àmì wọ̀nyẹn, torí mo ti rí i tí ó da ọlọ́gbọ́n rú. Ẹ ó rí òpó pupa alápá mẹ́ta àti òpó aláwọ̀ ewé alápá mẹ́rin. Ẹni tó bá ń lọ sí àríwá lórí ICW, òsì rẹ̀ ni pupa máa ń wà, ọ̀tún rẹ̀ ni aláwọ̀ ewé. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ICW bá odò ńlá kan pàdé, tí ọkọ̀ ẹrù ń gba ibẹ̀ wọlé láti òkun. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Cape Fear River lẹ́yìn Southport ní North Carolina. Níbẹ̀, àmì odò ló ń jọba, pupa á sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín lójijì. Ẹni tí kò mọ̀ á yí ọkọ̀ lọ sí ìhà kejì, á sì gun iyanrìn. Ẹ wo ara òpó dáadáa: wọ́n lẹ àmì kékeré aláwọ̀ òfeefèé (yẹ́lò) mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ alápá mẹ́ta, ẹ fi í sí òsì. Bí ó bá jẹ́ alápá mẹ́rin, ẹ fi í sí ọ̀tún. Ẹ má wo àwọ̀ òpó fúnra rẹ̀ níbẹ̀, òfeefèé ni ọ̀gá láti Florida títí dé Norfolk. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kí ọmọ yín náà mọ̀ ọ́n sórí. Tirẹ̀ ni kó jẹ́ iṣẹ́ kíka òpó sókè bí ẹ ti ń kọjá lọ, torí ojú méjì kò tó fún ọ̀nà yìí.

Òkun gbangba ńkọ́? Ó ṣeé gbà níbì kan, lọ́jọ́ kan, tí ojú ọjọ́ bá fara mọ́ ọn. Láti Fernandina ẹ lè jáde, kí ẹ fo gbogbo Georgia, kí ẹ wọlé ní Charleston. Ó tó nǹkan bíi 150 máìlì òkun. Ní eré nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, ilẹ̀ yóò ṣú bá yín lójú òkun, n kò sì gbà kí ẹ ṣe ìyẹn ní ìrìn àjò àkọ́kọ́. Ìṣàn omi gbígbóná ńlá tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream ń lọ sí àríwá, ó sì lè ran ọkọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá fẹ́ kò ó, ìgbì á dìde dúró ṣánṣán bí ògiri. Bí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá ti dárúkọ àríwá, ẹ dúró sínú. Ẹnu òkun tí ẹ bá máa gbà, kó jẹ́ èyí tí ọkọ̀ ẹrù ńlá ń gbà. Cape Hatteras ní tirẹ̀, ṣóńṣó ilẹ̀ North Carolina tó yọ sínú òkun, ẹ má tilẹ̀ jíròrò rẹ̀. Ọ̀nà inú yóò gbé yín kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìfojú kàn án.

Afárá kò le. Èyí tí kò ń ṣí ga tó ẹsẹ̀ bàtà 65 ní ọ̀pọ̀ jù, ọkọ̀ yín kò sì sún mọ́ ọn. Fún èyí tó ń ṣí, ẹ pe olùtọ́jú rẹ̀ lórí ìkànnì 9 ti rédíò ọkọ̀ ní Florida, Georgia àti South Carolina, kí ẹ bọ́ sí 13 ní North Carolina àti Virginia. Ẹ dárúkọ afárá náà, ẹ dárúkọ ọkọ̀ yín, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn kan ní wákàtí tí wọ́n ń ṣí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú.

Nínú ọjọ́ méje tí mo fi kún un yẹn, ẹ lo méjì ní Beaufort ti South Carolina, máìlì 536. Ẹ wá ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sí Sheldon, ibẹ̀ ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà, èyí tí Ọba Ẹ̀fúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní 1970. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, Detroit ni wọ́n bí i sí, ó sì kọ́ ààfin àti ojúbọ òrìṣà sínú igbó South Carolina. Ọmọ yín tí ó dàgbà sí Baltimore gbọ́dọ̀ rí i. Beaufort kan náà ni wọ́n bí Robert Smalls sí ní 1839, nínú oko ẹrú. Ó mọ omi Charleston bí ẹni mọ ọwọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1862, ó wa Planter, ọkọ̀ ológun àwọn ará Gúúsù tó ń jagun kí oko ẹrú má bàa parí, jáde ní èbúté Charleston, òun, ìdílé rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀, ó fun fèrè bó ṣe yẹ ní iwájú odi ológun Fort Sumter, ó sì gbé gbogbo wọn dé òmìnira. Ó padà di aṣòfin ní Washington. Omi tó gbà yẹn ni ẹ̀yin náà yóò là kọjá nígbà tí ẹ bá wọ Charleston. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ náà níbẹ̀, pẹ̀lú Fort Sumter lójú yín.

Ní North Carolina, ẹ ó gba inú àgọ́ ọmọ ogun Camp Lejeune. Nígbà mìíràn wọ́n á máa yìnbọn kọjá ọ̀nà omi, wọ́n á sì dá ọkọ̀ dúró. Ẹ gbọ́ rédíò, ẹ má bá wọn jiyàn. Lẹ́yìn èyí ni omi fífẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Neuse, Pungo, Alligator River, lẹ́yìn náà Albemarle Sound. Àwọn àgbà wa ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Lórí ọ̀rọ̀ Albemarle, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rù ọ̀sà. Ó fẹ̀, kò jìn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti sọ ọ́ di ìgbì kúkúrú tó ń lu ọkọ̀ lemọ́lemọ́ láìjẹ́ kó mí. Ẹ sùn sí ẹnu Alligator River, kí ẹ là á kọjá ní kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó jí. Bí kò bá rọ̀ láàárọ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Irú ọjọ́ yìí gan-an ni mo ṣe ní kí ẹ má ṣe dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn Albemarle, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan gba Coinjock lọ sí ibodè omi Great Bridge, ó jìn, ó sì fẹ̀. Èkejì ni Dismal Swamp Canal, tí àwọn ẹrú gbẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ṣí ní 1805. Ó lẹ́wà gan-an, omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì, ṣùgbọ́n kò jìn tó ti àkọ́kọ́, igi sì máa ń rì sínú rẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì méjì tí páńkà wọn kò ní ohun tó dáàbò bò wọ́n nísàlẹ̀, ẹ gba Coinjock.

Kí ẹ tó kúrò ní Fort Lauderdale, ẹ pààrọ̀ rọ́bà kékeré tó ń yí nínú pọ́ńpù omi òkun, lára ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ẹ sì ra méjì méjì pamọ́. Ẹ ra fíltà epo tó pọ̀, torí bí ìgbì bá mi táńkì ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ á dìde, á sì dí i. Ní àràárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí asẹ́ omi òkun, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń fa ọkọ̀, owó ọdún kan rẹ̀ kéré sí owó ìfà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ìyàwó yín kọ́ bí a ti ń pe ìrànwọ́ lórí ìkànnì 16, bí a ti ń ka ibi tí ọkọ̀ wà lójú ẹ̀rọ, bí a ti ń pa ẹ́ńjìnnì, àti bí a ti ń sọ ìdákọ̀ró. Kí ó ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ lójú yín, torí bí ẹ̀yin bá ṣubú sómi, òun ni atukọ̀.

Ẹ má rìn lóru rárá, pàápàá ní Chesapeake, níbi tí okùn ìgèrè alákàn ti pọ̀ lójú omi bí ó ti ń móoru. Ọ̀kan tó bá lọ́ mọ́ páńkà ti tó láti dá ẹ́ńjìnnì dúró. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni kí ẹ ti so ọkọ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ wo ojú ọjọ́ àti àkókò omi ti ọ̀la.

Bí iléeṣẹ́ ìbánigbófò bá ti fún yín lésì, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì fi irú ẹ́ńjìnnì, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n táńkì yín ránṣẹ́, torí iye epo tí mo kọ sókè yìí yóò yí padà, èyí ni a ó sì fi yan ibi tí ẹ ó ti máa rà á.